Ọwọ́ Tí Ọkọ Mi Fi Dìbò

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé bí obìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọkọ rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ti máa ń dájọ́ kó tó sọ ọ́ dé ìdajì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí, kó ṣe sùúrù díẹ̀, nítorí èmi tí mo ń bá a gbé, mi ò tíì rí i dá tán.

Ilé tí à ń gbé ní Becontree, ní London, ilé council, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan rà á, ó tà á fún ẹlòmíràn, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìlú ọkọ mi kan láti Èkìtì, òun sì ni onílé wa báyìí. Tó bá pè wá lórí fóònù tó kí wa lásán, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi “ẹbí mi” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọkọ mi á ti wá ibì kan jókòó sí, nítorí owó ilé ń gòkè nìyẹn. Ọkọ mi kò bá a jà rí. Ó ní bàbá ọkùnrin náà àti bàbá òun jọ jẹ oyè nílùú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ onílé yìí sọ́kàn, nítorí nígbà tí ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ba London jẹ́, kò kà á mọ́ wọn.

Ọdún púpọ̀ ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan tí kò jìnnà sí wa. Òun ló ń tọ́jú àwọn ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ọmọ wa obìnrin, tó ti wà ní yunifásítì báyìí, á sì sáré lọ ki imú bọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí apá òkè orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tó lè tẹ̀ lé e tẹ̀ lé e. Àwa ò lè lọ, torí iṣẹ́ tèmi, bàtà tí mò ń tà ní ilé ìtajà Vicarage Field, ìyẹn nìkan ló dájú nínú ilé. Bí ọkọ mi ṣe di awakọ̀ èjẹ́ǹsì nìyẹn, tó ń pín ẹrù kiri ojúlé.

Iṣẹ́ èjẹ́ǹsì, ẹ ò kúkú ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí fóònù bá dún láàárọ̀, iṣẹ́ wà. Bí kò bá dún, kò sí. Ọkọ mi á ti wọ bàtà iṣẹ́, á jókòó níwájú fèrèsé, á gbé fóònù lé itan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tèmi. Nígbà míì tí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, bàtà náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ní béèrè ohunkóhun, màá kàn gba inú kíṣìnì kọjá.

Ọkùnrin tó mọ ìwà ni. Bó ti wù kí London pẹ́ lára rẹ̀ tó, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí òun, òun náà kì í fi gbà á. Ó fi ṣéńjì sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kan rí nínú ṣọ́ọ̀bù ní Barking nítorí pé ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi nà án sí i. Ọmọ náà rò pé ó fi ta òun lọ́rẹ ni, ó ní, “Cheers, boss.” Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín rárá.

Aládùúrà ni wá. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, a máa ń tan àbẹ́là ní pálọ̀, a máa bọ́ bàtà, a máa gbàdúrà. Olúkúlùkù ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tó ń darí. Ẹni tó bá ń darí á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ wo ló ń lọ ṣe lọ́jọ́ náà, á sì fi òróró pa ibi tó máa fi ṣe é lára rẹ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò, ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ bàtà yìí, ahọ́n ni ọkọ mi fi òróró sí, òróró ólífì ni mo sì ń gbé mì ní gbogbo ìgbà tí mánéjà ń bi mí ní ìbéèrè. Mi ò mọ ilé míì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló ti wá, àwa náà ò sì fi í sílẹ̀. Bí àdúrà bá parí, ọkọ mi á ṣe “Àmín” kan tó jẹ́ pé òun ni ìyá òyìnbó ilé kejì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá mi, wá bá wa láti Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Èmi gan-an ni mò ń bẹ̀rù pé ilé kéré. Ọkọ mi ló ní kó máa bọ̀. Òun ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Táyà àpótí ọmọ náà ti já, ọkọ mi sì gbé àpótí náà rù láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tó gbé ọkọ̀ sí, tí gbogbo ayé ń wò ó. Òtútù ń mú ọmọ náà, ọkọ mi bá bọ́ ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní “ìyàwó kékeré”, èmi wá di ìyàwó àgbà. Tí ọbẹ̀ bá dùn, ó ní ìyàwó kékeré ló sè é. Tí kò bá dùn, tèmi ni.

Marks Gate ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń gbọ́ ìtàn ogun tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ti sọ fún un lánàá. Ilé iṣẹ́ tó gbà á ló di ìwé rẹ̀ mú. Bí òfin bá yí, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ irú wọn mọ́, ó di kó máa lọ sílé. Ìyá wa sì ti ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò yẹn. Kò sí nǹkan kan tó ń dúró dè é nílé ju ojú àwọn aládùúgbò lọ.

Ìyá òyìnbó ilé kejì, èèyàn dáadáa ni òun náà. Ó máa ń na ẹ̀wà tútù tó gbìn sẹ́yìnkùlé sí mi lórí ọgbà, tí màá fi ata dín. Tí ẹrù bá dé tí a ò sí nílé, òun ló ń bá wa gbà á. Ilé tó wà yẹn, ọwọ́ council ni bàbá rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà tí àdúgbò ṣì ń rùn kíkùn tuntun. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n há mọ́ ọn nínú ilé, wọ́n ń retí kí council fún wọn ní tiwọn, council ò sì dáhùn. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà nítorí ilé ìwẹ̀. Ẹni tó bá ní obìnrin yẹn ò níṣòro, irọ́ ló ń pa.

Bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti ń sún mọ́lé ni ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ tó ń pariwo pé àjèjì ti pọ̀ jù kan ilẹ̀kùn wa. Ọjọ́ Sátidé ni. Èmi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti pọ́n ẹnu mi dè é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò bú ẹnikẹ́ni. Ó pe ọkọ mi ní “sir”. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ọkọ mi ní awakọ̀ ni òun. Ó ní, “Kí ẹ tó di awakọ̀ ńkọ́?” Háà, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ààrò. Ó sọ bó ṣe ń gbóná tó, ó sọ bí wọ́n ṣe ń pè é láti ilé nígbà tí ààrò kan bá kọṣẹ́, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dúró nínú atẹ́gùn, ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ti kó lọ, kò sí ẹni tó bi ọkọ mi ní ìbéèrè yẹn. Ní ilé ìjọsìn, ìdáhùn àdúrà ni wọ́n ń béèrè. Ní ilé, bóyá fóònù dún. Ẹni tó bá bi ọ́ pé níbo ló ń dùn ọ́, òun lo máa rò pé ó ní oògùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lẹ́nu ọkọ mi. Ìròyìn á máa lọ lórí tẹlifíṣàn, yóò ní, “Ìlú yìí ti kún o.”

Mo ní, “Dadi, ta ló kún un? Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi ti pẹ́. Mo san tax. I have paid my dues.”

“Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà wọ inú bọ́ọ̀sì ló máa ń pariwo pé bọ́ọ̀sì ti kún.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, tí ìdìbò bá kọjá, òun náà á kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi wà ní kíṣìnì, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó ń fọ abọ́, mò ń gé ẹ̀fọ́. Ọkọ mi àti ìyá òyìnbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níta, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò rí ilé. Ìyá náà ní ẹgbẹ́ yẹn ni òun máa dìbò fún. Ó wá dà bí ẹni pé ó rántí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ó ní, “Kì í ṣe ẹ̀yin là ń wí o, darling. Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́. Ara wa ni yín.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóyè. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òótọ́ ni, pé àwọn tó ń fi ìwé ìtọ́jú arúgbó wọlé yìí gan-an, wọ́n ti pọ̀ jù, àwọn ló ń jẹ́ kí owó iṣẹ́ wálẹ̀, kí ìjọba ti ilẹ̀kùn, kí àwọn tó ti wọlé náà máa padà sílé tí ìwé wọn bá tán. Ó ní òun náà, ẹgbẹ́ yẹn lòun ń dìbò fún.

Abọ́ oúnjẹ ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ti mọ́ tipẹ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti ẹ̀rọ omi, ó nu abọ́ náà gbẹ, ó gbé e sí àyè rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé kí n bá yín gé ẹ̀fọ́ yẹn?” Inú mi bí gan-an lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń bí mi tí mo bá rántí.

Nígbà tí ọkọ mi wọlé, mo pè é sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

“Dadi, ṣé ẹ mọ ẹni tó wà ní kíṣìnì?”

“Kì í ṣe òun ni mò ń wí. Tiwa yàtọ̀.”

“Ohun tí ìyá ọ̀hún sọ fún yín náà lẹ sọ yẹn.”

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń tú okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti ń retí pé kó pariwo, kí èmi náà lè pariwo. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wá sí depot báyìí, ohunkóhun tí wọ́n bá fún wọn ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í béèrè break, wọn kì í béèrè nǹkan kan. Ọ̀gá ní èmi máa ń ṣàròyé jù. Wọn ò pè mí mọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Mo máa ń wọ bàtà yìí fún nothing. Mo fẹ́ kí nǹkan yí padà. Anything.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, “Onílé wa tó ń fi owó kún owó ńkọ́, ṣé ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bí àwọn tí wọ́n ń pariwo wọn lórí tẹlifíṣàn ni? Àwọn tó kó ààrò yín lọ ńkọ́? Tí wọ́n bá lé ọmọ yìí, ta ló máa sọ fún ìyá mi?”

“Wọn ò lè ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Politicians ni wọ́n.”

“Tí wọn ò bá lè ṣe é, kí lẹ fẹ́ dìbò fún wọn sí?”

Ó gbé bàtà náà sábẹ́ ibùsùn. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kó pe àbúrò mi ní ìyàwó kékeré mọ́, àbúrò mi náà ò sì béèrè ìdí. Ó ń kúnlẹ̀ kí i bó ti máa ń kúnlẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá bó ti máa ń gbé e. Ilé wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, irú èyí tí àlejò á máa yìn pé àlàáfíà wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń dìbò ní ìlú yìí. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ àbúrò mi láti darí àdúrà.

Kò sí ìkankan nínú wa tó rò ó ṣáájú. A tan àbẹ́là, a kúnlẹ̀, ó kọ orin. Ó bi mí, mo ní bàtà ni mò ń lọ tà, ó fi òróró pa ọwọ́ mi. Ó yíjú sí ọkọ mi.

“Bọ̀dá mi, iṣẹ́ wo lẹ ń lọ ṣe lónìí?”

Ṣé ẹ mọ bí ẹnu ṣe máa ń sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára kí ọkàn tó dá a dúró? Fóònù ò dún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó ní, “Ìdìbò.”

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà bó ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n a kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà níwájú àbẹ́là. Àbúrò mi ní, “Ẹ na ọwọ́ yín, sà.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ náà da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bò ó.

“Olúwa, ọwọ́ bọ̀dá mi rèé. Ọwọ́ yìí ló gba ẹrù lọ́wọ́ mi ní airport. Ọwọ́ yìí ló bọ́ gloves fún mi nígbà tí òtútù ń pa mí. Mi ò mọ ibi tó ń lọ lónìí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ibi yòówù kó fa ìlà sí lórí ìwé ìdìbò, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, dá a padà fún wọn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tún jókòó sídìí fèrèsé mọ́. Ní orúkọ Jésù.”

Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú àdúrà yẹn ni pé òun ò mọ ibi tí ọwọ́ náà ń lọ. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Mo wá ẹ̀gàn níbẹ̀, tọkàntọkàn ni mo wá a, nítorí ká ní mo rí i ni, ara ì bá tù mí. Ohun tó ń tọrọ fún un, ó ń tọrọ rẹ̀ lóòótọ́.

Mo ní, “Àmín.” Tèmi nìkan ló dún. Ọkọ mi la ẹnu, ó tún pa á dé. A dúró dè é, òróró ń kán láti ìka rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó pẹ́, àbúrò mi fẹ́ àbẹ́là pa, ó lọ wọ kóòtù rẹ̀.

Òun náà lè dìbò, òfin gba àwa ọmọ Nàìjíríà láyè torí pé a wà nínú Commonwealth, ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pè é. Èmi lọ dìbò tèmi kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Vicarage Field. Ní gbogbo ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ láti wọ bàtà fún oníbàárà, mo ń sọ lọ́kàn mi pé òróró yẹn á ṣiṣẹ́, pé ẹni tí kò lè ṣe àmín kò ní lè fa ìlà. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ra ẹran ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé e wálé fún ọbẹ̀ bí ẹni pé a ní nǹkan tí à ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi ló ro ẹ̀bà, èmi se ọbẹ̀ ilá. Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì nígbà tí a gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi bu omi sínú ife, ó jáde lọ pàdé rẹ̀ ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà sókè.

“Ẹ kú àbọ̀, bọ̀dá mi. Ẹ kú ìrìn.”

Ọkọ mi dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí wọ́n da òróró sí láàárọ̀, wà nínú àpò kóòtù. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń dúró kó yọ ọ́. Ọwọ́ òsì ló nà, òun ló fi gba ife lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ó mu ún tán lórí ìdúró. Àbúrò mi gba ife náà padà, ọwọ́ méjèèjì náà ló fi gbà á. Ó dìde.

Ó ní, “Ẹ wá jẹun, sà. Ẹ̀bà ṣì gbóná.”

Ọkọ mi wo tábìlì, ó wo abọ́ omi ìfọwọ́ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀. Ó ní ebi ò pa òun.